Bí Kọ̀ǹpútà Ilé-Iṣẹ́ Kan Ṣe Ń Gbọ́ Ti Òmíràn: Ìlànà Àjọlò àti Ibi Tó Ti Ń Dàrú

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn oníṣòwò, oníṣirò owó àti àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà, Yábàá, Èkó

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ dáhùn lónìí: kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ méjì tí íntánẹ́ẹ̀tì ti so pọ̀ ṣì ń ṣi ara wọn gbọ́? Wáyà kọ́ ni wàhálà. Ẹni tó wà ní Yábàá níbí lè fi dátà ránṣẹ́ sí Màrínà kó tó ṣẹ́jú. Ohun méjì ló ń dá ìjà sílẹ̀: ìtumọ̀ ohun tí a fi ránṣẹ́, àti ohun tó yẹ ká ṣe nígbà tí a ránṣẹ́ tí a ò gbọ́ èsì. Èkejì yìí ló le jù, òun la ó sì pẹ́ lé lórí.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn ṣe. Bí ẹ bá fi ìwé ọjà tó kù díẹ̀ káàtó ránṣẹ́ sí akọ̀wé kan ní Ìdúmọ̀tà, á wò ó, á ní “àwọn yìí kì í gba ẹyọ, páálí ni wọ́n máa ń gbà,” á tún un ṣe, iṣẹ́ á sì lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ètò kọ̀ǹpútà rọ́pò akọ̀wé yẹn, làákàyè tó ti ń fi bo àṣírí yín látọdún yìí wá ti lọ nìyẹn. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ rí, torí pé “a ti mọ̀ ọ́n láàárín ara wa,” ọjọ́ náà ló máa yọjú.

Ìdí tí a fi nílò ìlànà àjọlò, ìyẹn ọ̀nà kan tí gbogbo wa fẹnu kò sí láti máa kọ ìwé sí ara wa, kò ju ìṣirò lọ. Ẹ mú ilé-iṣẹ́ 20: àwọn tó ń ṣe ọjà jáde ní Ìkẹjà, àwọn tó ń kó o pamọ́ ní Ìsọlọ̀, àwọn alágbàtà ní Ìdúmọ̀tà, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ní Victoria Island, àwọn tó ń fi tírélà kó ẹrù ní Àpápá. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá bá olúkúlùkù nínú àwọn yòókù ṣe àdéhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, àdéhùn 190 ni. Bí gbogbo wọn bá gba ìlànà kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan á kọ ògbufọ̀ kan péré, láti inú ètò tirẹ̀ sí ìlànà náà. Ogún ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn ìlànà náà ti wà tipẹ́. Amẹ́ríkà ń lo X12, tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní EDIFACT, tó di ISO 9735 (ISO ni àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àgbáyé), òun sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi àti èbúté fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ títí dòní. UBL, ìlànà fún ìwé ọjà àti ìwé owó, tí a fi XML (ọ̀nà ìkọ dátà tó ń fi orúkọ sí ohun kọ̀ọ̀kan) kọ, di ISO/IEC 19845 ní 2015. Lórí rẹ̀ ni FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, gbé ètò ìwé owó ọjà orí ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2025 kà. ISO 8583 ló wà nídìí káàdì ATM àti POS, ISO 20022 ló sì ń gba ipò àwọn ìlànà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn báǹkì káàkiri ayé. Ní tiwa, Báǹkì Àpapọ̀ gbé ìlànà open banking (kí báǹkì lè pín dátà oníbàárà tó bá gbà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn) jáde ní 2021, ó sì tẹ àlàyé bí a ó ṣe lò ó lé e ní 2023. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jókòó ṣẹ̀dá tirẹ̀ mọ́. Àmọ́ ìlànà kì í sọ ohun gbogbo tán, àyè tó fi sílẹ̀ sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń já bọ́.

Ẹ wo ìlà kan nínú ìwé ìbéèrè ọjà EDIFACT:

QTY+21:40:EA'

QTY ni iye. 21 sọ pé iye tí oníbàárà béèrè ni, kì í ṣe iye tí a kó lọ. 40 ni iye náà. EA ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àmì ' tó wà lẹ́yìn ni òpin ọ̀rọ̀. Bí páálí kan bá gba agolo 24, tí oníbàárà ní páálí lọ́kàn, ẹyọ 960 ló ń retí. 40 ló máa rí. Ìlànà ò ṣe àṣìṣe kankan níbẹ̀, kóòdù páálí wà (nínú ọ̀pọ̀ ìwé UBL, XCT ni). Ẹni tó kọ ògbufọ̀ ló fi EA sí gbogbo ìlà, torí pé nínú ètò ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kò sí àyè kankan fún irú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ta ọjà.

Àmì ' yẹn náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Bí orúkọ ọjà bá ní àmì náà nínú, bí “Mama's”, kọ̀ǹpútà tó gbà á á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ nọ́ńbà fóònù pẹ̀lú +234, àmì + ń pààlà láàárín ọ̀rọ̀ ní EDIFACT, nọ́ńbà á gé sí méjì. Ohun tí ìlànà ní ká ṣe ni ká fi àmì ? ṣáájú: Mama?'s, ?+234. Ìparí ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà UNT, tó ń sọ iye ìlà tó wà nínú rẹ̀, títí kan UNH tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti UNT fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa àyẹ̀wò yẹn tì nítorí pé “ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́.”

Ibi tí àmì àti orúkọ Yorùbá ti pàdé ló wá burú jù. Orúkọ bí Adéṣọlá, lẹ́tà 7 ni lójú wa. Kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ lọ́nà méjì. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, àmì àti lẹ́tà wà pọ̀: kóòdù 7, báìtì (ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń wọn ìpamọ́) 13 ní UTF-8, ọ̀nà tó lè kọ lẹ́tà gbogbo èdè. Nínú NFD, àmì dá dúró lẹ́yìn lẹ́tà: kóòdù 11, báìtì 15. Méjèèjì rí bákan náà lójú, síbẹ̀ bí ètò kan bá fi wọ́n wéra, á ní orúkọ ò bára mu, á dá owó padà. Ẹ fẹnu kò sórí NFC, kí ẹ sì sọ ọ́ di NFC lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọ ibi ìpamọ́. Ẹ tún rí i pé àyè tí ẹ fi sílẹ̀ fún orúkọ, lẹ́tà ló ń kà, kì í ṣe báìtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gé lẹ́tà kan láàárín méjì.

Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ bí alábàáṣiṣẹ́ yín bá ń lo EDIFACT pẹ̀lú UNOC, ìyẹn ISO 8859-1, àkójọ lẹ́tà àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù? Ó ní é, kò ní ọ, ẹ tàbí ṣ. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà á kàn fi ? rọ́pò lẹ́tà tí kò mọ̀. Oníbàárà tó kọ orúkọ rẹ̀ ní Ayọ, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ nìkan, á di Ay?, àmì ' á sì tẹ̀ lé e láti parí ìlà. Ẹ rántí ohun tí ? ń ṣe: ó ní kí ẹni tó ń kà á má ka àmì tó tẹ̀ lé e sí òpin. Ìlà kejì á wọnú orúkọ oníbàárà, UNT á ní iye ò pé, wọ́n á sì dá odindi ìwé padà. Àwọn èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ kan wá irú àṣìṣe yìí, torí kì í ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń jẹ́ John. Ẹ lo UNOW, tó jẹ́ UTF-8. Bí alábàáṣiṣẹ́ bá ní òun ò lè gbà á, ẹ yọ àmì kúrò fúnra yín ní ọ̀nà tí ẹ jọ kọ sílẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ fún sọ́fítíwíà.

Nọ́ńbà náà ní tirẹ̀. Kóòdù báǹkì 011, 033, 044: ẹ ṣí fáìlì yẹn nínú Excel, ẹ tọ́jú rẹ̀ padà, ó ti di 11, 33, 44. Nọ́ńbà akáǹtì NUBAN, ìlànà nọ́ńbà akáǹtì báǹkì wa, tó fi òdo kan bẹ̀rẹ̀ á di nọ́ńbà mẹ́sàn-án dípò mẹ́wàá. Ohunkóhun tí a kì í fi ṣe àròpọ̀, ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é nínú JSON (ọ̀nà ìkọ dátà mìíràn), nínú ibi ìpamọ́, níbi gbogbo.

Nítorí pé mo dárúkọ NUBAN, ẹ jẹ́ ká wo àyẹ̀wò inú rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà kan tó gbẹ̀yìn, torí ọ̀pọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mú kóòdù báǹkì 011 àti nọ́ńbà ìtòtẹ̀lé 000001457. Ẹ tò wọ́n pọ̀, nọ́ńbà 12, kí ẹ fi 3, 7, 3, 3, 7, 3, 3, 7, 3, 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81. Ẹ pín in sí mẹ́wàá, ó ṣẹ́ku 1. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 10, ó ku 9. Akáǹtì náà di 0000014579. Ó dára. Ẹ wá pààrọ̀ ipò 1 àti 4: 0000041579. Ẹ tún un ṣírò, 81 náà ni, 9 náà ni! Ibi tí 3 méjì ti tẹ̀ léra nínú òṣùwọ̀n yẹn, ìpààrọ̀ nọ́ńbà méjì tó wà níbẹ̀ kì í hàn. Àyẹ̀wò yìí wúlò láti lé àṣìṣe tí ọwọ́ ṣe kúrò kíákíá, kò lè rọ́pò Name Enquiry, ìyẹn bíbéèrè orúkọ ẹni tó ni akáǹtì lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀. Ètò tó bá fò Name Enquiry torí pé “nọ́ńbà náà ti kẹ́sẹ járí” máa fi owó ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan.

Ti owó ò gùn. Ẹ fi kọ́bọ̀ ka owó, ní odidi nọ́ńbà: ₦1,500.50 jẹ́ 150050, ní ISO 8583 á wà ní àyè kẹrin bíi 000000150050. Bí ẹnì kan bá ń fi náírà ránṣẹ́ tí ẹnì kejì ń kà á ní kọ́bọ̀, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni àṣìṣe yẹn. Kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti ń sọ VAT di odidi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ìlà ọjà mẹ́ta, ₦10.10 ọ̀kọ̀ọ̀kan: 7.5% lórí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.76, àpapọ̀ 2.28, 7.5% lórí ₦30.30 jẹ́ 2.27. Kọ́bọ̀ kan ni ìyàtọ̀, ó sì tó láti mú kí ẹ̀rọ dá ìwé owó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà padà.

Ó yá, ká wá sí ti ìdákẹ́.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ní Èkó: wọ́n ti yọ owó lákáǹtì ẹni, ọlọ́jà ní òun ò rí álẹ́ẹ̀tì, kò sì jẹ́ ká gbé ẹrù lọ. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Báǹkì kìíní yọ owó, ó ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì wa pọ̀, lọ sí báǹkì kejì. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà ò dé rárá. Ó lè jẹ́ pé ó dé, wọ́n sì ti fi owó síbẹ̀, èsì ló sọnù lọ́nà nígbà tó ń padà bọ̀. Lọ́dọ̀ ẹni tó ránṣẹ́, méjèèjì rí bákan náà: ìdákẹ́ ni. Nítorí náà ipò mẹ́ta ló wà, kì í ṣe méjì. Ó ti ṣe. Kò ṣe. A ò tíì mọ̀. Ètò tí wọ́n kọ pẹ̀lú méjì àkọ́kọ́ nìkan máa ka ìdákẹ́ sí “kò ṣe,” á dá owó padà fún oníbàárà, tàbí á tún un fi ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Owó á bọ́ sí akáǹtì ọlọ́jà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì kì í sábà pariwo.

Ẹ ṣẹ̀dá nọ́ńbà ìdánimọ̀ iṣẹ́ náà kó tó jáde lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí dísìkì kẹ́ ẹ tó ránṣẹ́. Sórí dísìkì ni mo wí, kì í ṣe sínú RAM, torí bí iná bá lọ láàárín kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ohun tó wà nínú RAM ti lọ. Nọ́ńbà Session ID ti NIP, ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ti NIBSS, fi bó ṣe yẹ kó rí hàn: 30 ni gbogbo rẹ̀, 6 fún ilé-iṣẹ́ tó ránṣẹ́, 12 fún ọjọ́ àti àkókò, 12 tí kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ìdákẹ́ bá dé, ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà yẹn béèrè ipò iṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní TSQ. Bí ẹ bá wá fẹ́ tún un fi ránṣẹ́, nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ lò, láéláé.

Iṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á. Ó gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ níbi tí kò ti sí àyè fún ẹ̀dà, ìyẹn UNIQUE nínú ibi ìpamọ́, nínú ìgbésẹ̀ kan náà (transaction) tó fi ń kọ owó sínú akáǹtì. Àwọn kan máa ń wò ó bóyá nọ́ńbà náà ti wà, bí kò bá sí, wọ́n á wá kọ ọ́. Ìyẹn ò tó. Bí ẹ̀dà méjì bá dé ní àkókò kan náà, méjèèjì á wò, méjèèjì á rí i pé kò sí, méjèèjì á san owó. Bí nọ́ńbà bá ti wà, ẹ dá èsì àkọ́kọ́ padà fún un gẹ́lẹ́. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ kan náà tí iye owó yàtọ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Ní HTTP, èdè tí àwọn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dáhùn, kóòdù 409 (Conflict, ìforígbárí) ṣeé lò fún irú ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún kóòdù èsì. Kóòdù 00 ti ṣe. 51, owó ò tó, ó ti parí. Àmọ́ 09 ní a ṣì ń ṣe é, 94 sì ní a ti rí èyí rí. Mélòó nínú yín ló ní ètò tó ń ka gbogbo ohun tí kì í ṣe 00 sí ìkùnà? 94 túmọ̀ sí pé ti àkọ́kọ́ dé. Ẹ béèrè ipò rẹ̀, ẹ má dá owó padà. Ní ti káàdì, bí POS ò bá rí 0210 (èsì) gbà padà lẹ́yìn tó fi 0200 (ìbéèrè owó) ránṣẹ́, 0420 ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e láti fa iṣẹ́ náà padà, kó sì máa tún un rán títí 0430 (èsì ìfàpadà) á fi dé.

Àkókò ìdúró pẹ̀lú: ẹni tó wà lóde gbọ́dọ̀ ní sùúrù ju ẹni tó wà nínú lọ. Bí báǹkì bá máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹnu ọ̀nà (gateway, ètò tó wà láàárín áàpù àti báǹkì) dúró 45, kí áàpù orí fóònù dúró 60. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i padà, torí pé ẹni tó ń ya àwòrán áàpù fẹ́ kó yára. Áàpù á ti sọ fún oníbàárà pé “kò ṣe” ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, nígbà tí owó náà ṣì ń rìn lọ nínú. Bí ẹ bá sì ń tún ránṣẹ́, ẹ má tún un rán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 1, 2, 4, 8, kí ẹ fi ìwọ̀nba tí kò dọ́gba kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ètò tó kùnà lẹ́ẹ̀kan náà má baà padà wá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ owó oṣù lẹ máa mọ iyì èyí.

Lálaalẹ́, ẹ fi ìwé yín wé tiwọn: nọ́ńbà, iye, ọjọ́. Èyí tó wà lọ́dọ̀ méjèèjì, èyí tó wà lọ́dọ̀ yín nìkan, èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn nìkan. Ọ̀kan tó máa ń da èyí rú ni wákàtí. Èkó fi wákàtí kan ṣáájú UTC, wákàtí tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n. Iṣẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ ní 00:30 ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, 23:30 ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni lọ́dọ̀ ẹni tí sáfà rẹ̀ ń ka UTC. Ẹ máa kọ ọjọ́ bíi 2026-04-01T00:30:00+01:00, kí ẹnikẹ́ni má sì fi 03/04 ránṣẹ́ sí yín. Amẹ́ríkà á kà á sí oṣù Kẹta.

Ìdákẹ́ máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ní ìṣòro nítòsí Abidjan, àwọn báǹkì wa sì dákẹ́. Ẹ wo ọ̀nà tí dátà yín ń gbà: bí sáfà méjèèjì bá wà ní Èkó àmọ́ tí DNS (ìwé orúkọ tó ń sọ ibi tí sáfà wà) tàbí ibi tí ẹ ti ń gba àṣẹ ìwọlé wà ní Yúróòpù, Yúróòpù náà ni ètò yín wà. IXPN, ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pààrọ̀ dátà, ti wà ní Èkó láti jẹ́ kí dátà abẹ́lé máa rìn nílé.

Ìwé ẹ̀rí TLS (tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀) náà máa ń kú lójijì, ó sì ń yára kú sí i. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2026, èyí tí àwọn aṣàwákiri ń gbà kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 200 lọ. Ní 2027, ọjọ́ 100. Ní 2029, ọjọ́ 47. Bí alábàáṣiṣẹ́ yín bá gbé ìwé ẹ̀rí yín gan-an sínú ètò tirẹ̀, dípò kó gba ẹni tó fọwọ́ sí i gbọ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ di tuntun ni iṣẹ́ máa dúró. Ẹ jọ sọ èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo AS2, ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gba MDN tí wọ́n fọwọ́ sí, torí òun ni rìsíìtì yín lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ní òun ò rí ìwé kankan. Àmọ́ MDN sọ pé ìwé dé ni, kò sọ pé wọ́n gba ọjà inú rẹ̀.

Ní ìgbà ìdánwò, ẹ má fi èyí tó dára nìkan dán an wò. Ẹ fi ìwé kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yọ wáyà lẹ́yìn tí ẹ ti ránṣẹ́, kí èsì tó dé. Ẹ fi orúkọ Ayọ, nọ́ńbà tó ní +, àti ìlà 500 ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ti tuntun àti ti àtijọ́ jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù kan gbáko, kí ìparí oṣù kan lè bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣí i ní ọjọ́ Ẹtì.

Ẹni tó ń ta ọjà ní Balógun, tí kò ní onímọ̀ kankan lọ́dọ̀, ńkọ́? Kò nílò EDIFACT. Fáìlì CSV, irú èyí tí Excel ń ṣí, lórí SFTP, ọ̀nà ìfifáìlìránṣẹ́ tó láàbò, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tó fún un, bí ó bá kọ ojú ìwé kan tí òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí: UTF-8, orúkọ òpó (column) kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n ọjà, kọ́bọ̀, bí a ṣe ń kọ ọjọ́, nọ́ńbà tí kì í tún ara rẹ̀ ṣe fún ìlà kọ̀ọ̀kan, iye ìlà àti àpapọ̀ owó ní ìparí fáìlì. Kí ó kọ́kọ́ fi orúkọ .tmp gbé fáìlì náà sókè, lẹ́yìn tó bá parí, kó yí i sí .csv, kí ẹni tó ń gbà á má baà ka ààbọ̀. Kí wọ́n sì fi nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n máa pè sí i, fún ọjọ́ tí fáìlì aago méjì bá kọ̀ tí kò dé ní aago mẹ́ta.